Ìrìnàjò Mi sí Coventry Nítorí Ṣásì Triumph TR6

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Euston, mo forí lé Coventry. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin níbẹ̀ ló pè mí pé òun ti gbé bọ́dì kúrò lórí ọkọ̀ Triumph TR6 òun, pé tí mo bá fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí irin ń rí lọ́wọ́ iyọ̀, kí n tètè máa bọ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ṣásì rẹ̀, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ náà ró. Nǹkan bíi wákàtí kan ni ọkọ̀ náà fi gbé mi débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá pàdé mi, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gba Canley kọjá. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Standard-Triumph ti ń to ọkọ̀ títí di ọdún 1980. Ọ́fíìsì àti ilé ìtajà ló kún ilẹ̀ náà báyìí, àmọ́ òpópónà kan ṣì ń jẹ́ Herald Avenue, orúkọ ọkọ̀ kan tí Triumph ṣe láyé ọjọ́un. Láàárín 1968 sí 1976, TR6 tí wọ́n ṣe lé ní 90,000, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Iléeṣẹ́ Karmann ní Jámánì ló tún iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ yà kó lè dà bí ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ṣásì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti TR4A ọdún 1965. Èyí tó bá lo ayé rẹ̀ ní California, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ṣì lè ní ṣásì tó dáa dòní. Àwọn tó dúró sí Bìrìtéènì ló jìyà. Lọ́dọọdún nígbà òtútù ni wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má baà dì, táyà á sì máa ta omi iyọ̀ náà sábẹ́ ọkọ̀.

Nígbà tí a dé ibi iṣẹ́, ṣásì náà wà nílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ̀gbọ́n fún mi ní òòlù kékeré kan.

"Máa gbá a lọ díẹ̀díẹ̀, àbúrò. Etí ni kí o lò."

Níwájú, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó sí, irin náà ń dún ketekete. Ọ́ìlì tó ti ń jò sí i lára láti ọjọ́ yìí ló gbà á là. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti de apá tó di táyà ẹ̀yìn mú, ìró náà kú. Mo tún gbá a lẹ́ẹ̀kan, orí òòlù wọlé, èépá pupa sì ya sílẹ̀ gììrì.

Inú ni ìdógùn-ún ti ń bẹ̀rẹ̀. Pẹlẹbẹ irin méjì tí wọ́n ká ni wọ́n jó pọ̀ di irin gígùn kan tó níhò nínú. Níbi tí apá táyà wà yìí, wọ́n tún fi pẹlẹbẹ mìíràn lé e kó lè lágbára. Ẹrẹ̀ a wọ àárín wọn, kò sì ní rọ́nà jáde. Ọ̀dà tó wà lóde lè máa dán nígbà tí irin inú ti di ìyẹ̀fun.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ẹnì kan ti jó irin tuntun bo ojú ibẹ̀ rí láìgé èyí tó ti bàjẹ́ kúrò. Bí ẹni fi báńdéèjì bo egbò tó ń ṣọyún ni. Apá tó di táyà mú ló wà níbẹ̀ o! Bó bá já lórí eré, ẹ̀mí lè lọ sí i. Láti 2018, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan lé e mọ́ pé kí wọ́n máa yẹ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún wò lọ́dọọdún. Lójú tèmi, ọrùn ẹni tó ń tún un ṣe ni gbogbo ẹrù náà wá já lé.

Ẹ̀gbọ́n kò bo nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ so ṣásì náà mọ́ orí irin tó tẹ́jú kó má baà wọ́, a sì fi téèpù wọn ún láti igun dé igun, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń gé lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi rí irin tó ń dán, kó tó gé irin tuntun tó bá ihò náà mu gẹ́ẹ́. Bó bá jó díẹ̀ níbí, a fò lọ jó díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí iná má baà fa irin náà wọ́. Lẹ́yìn náà a dúró kó tutù, èmi a sì tún na téèpù. Ó tún fi irin kún àwọn ibi tó gbé jíà ẹ̀yìn dání, torí pé ti apá ọ̀tún níwájú máa ń sán nínú TR6.

Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, mo tún padà lọ sí Coventry, a gbé ṣásì sórí tírélà kékeré, a gba M6 lọ sí Wednesbury láti kì í bọ inú síńkì kó má baà tún dógùn-ún. Wọ́n á kọ́kọ́ rì í sínú ásíìdì, kí ìpáàrà tó wà nínú ihò tí bọ́rọ́ọ̀ṣì kò lè dé lè ṣí kúrò. Lẹ́yìn náà ló kan síńkì yíyọ́, tó gbóná tó 450 lórí ìwọ̀n Celsius. A ti lu ihò sí gbogbo ibi tó dé pa, torí omi tàbí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú irin lè bú gbàù nínú iná yẹn. Àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ síńkì rárá, wọ́n ní ooru rẹ̀ ń wọ́ ṣásì. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n: ọ̀dà kò lè dé inú ibẹ̀, síńkì lè dé e.

Nígbà tí a gbé e délé, téèpù ni a kọ́kọ́ mú. Igun sí igun ṣì bára mu. Ẹ̀gbọ́n kì í fẹ́ jó irin tó bá ti ní síńkì lára mọ́, torí èéfín rẹ̀ máa ń fa ibà, ìdí nìyẹn tó fi jó gbogbo ohun tó yẹ mọ́ ọn ṣáájú. Rọ́bà tuntun tí bọ́dì yóò jókòó lé ló ń dúró dè báyìí. Gbígbé bọ́dì náà padà gba èèyàn bíi mẹ́rin, mo sì ti ní kó ka èmi mọ́ wọn.