Òjé Lọ́wọ́ Mi

Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé pákó tí a ti ń mu tíì ní pápá ìyìnbọn wa. Ìlà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, ọta irin nìkan ni ẹnikẹ́ni máa yìn ní pápá náà. Kí ẹni tó bá ní ọta òjé nílé tètè yìn ín tán. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì wo ìbọn tó wà ní apá mi.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí máa ń bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ọmọ Ìgbòho, dúdú bí mo ṣe dúdú yìí, mo ní ìbọn nínú ilé mi ní ìlà-oòrùn England, ọlọ́pàá sì mọ̀. Àwọn fúnra wọn ló fún mi níwèé àṣẹ, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ dókítà mi, tí wọ́n sì wá sílé wá wo kọ́bọ́ọ̀dù irin tí mo dè mọ́ ògiri. Ọdún márùn-ún márùn-ún la ń tún un gbà. Rárá o, n kì í pa ẹran. Àwo amọ̀ ni mò ń yìn. Ẹ̀rọ kan ló máa ń jù ú sókè, àwo pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju mìlímítà 110 lọ. O máa kígbe “Pull!”, ó máa fò bí àparò, o máa yìn ín. Orúkọ lásán ni amọ̀ yẹn, ọ̀dà àti òkúta lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é lóde òní. Tó bá fọ́, inú rẹ á dùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàámi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Àjàní, ṣé kò wá sí ẹran kankan níbẹ̀ ni?”

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni ìbọn mi. Birmingham ni wọ́n ti ṣe é, kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó kọ́ mi ní ìyìnbọn ló tà á fún mi nígbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, owó tó gbà lọ́wọ́ mi ò tó ìdajì iye rẹ̀. Ó ti kú báyìí. Ìdí nìyẹn tí ìwé ara ilẹ̀kùn yẹn fi bà mí nínú jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí òjé dára fún ìbọn ni pé ó wúwo, ó sì rọ̀. Tí o bá fi òjé kún ife kan, tí o fi irin kún ife mìíràn tí wọ́n jọ tóbi bákan náà, ìwúwo irin ò ní tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti òjé. Ọta tó fúyẹ́ máa ń tètè pàdánù eré rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lo irin gbọ́dọ̀ lo ọta tó tóbi díẹ̀ sí i, kátíríìjì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tì í jáde pẹ̀lú eré tó ju ti òjé lọ. (Nọ́ńbà ọta tún ń lọ sẹ́yìn: nọ́ńbà 6 tóbi ju nọ́ńbà 8 lọ. Ó tó oṣù mẹ́ta kí èyí tó yé mi.) Ti rírọ̀ yẹn ló le jù. Ẹnu ọ̀pọ̀ ìbọn máa ń fún díẹ̀ kí ọta má baà tètè fọ́nká, choke ni àwọn ayìnbọn ń pè é. Tí òjé bá dé ibẹ̀, á súnra kì, á kọjá. Irin kì í súnra kì fún ẹnikẹ́ni. Ìbọn òde òní ń gbà á láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ìbọn àtijọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín lè ha nínú, ẹnu rẹ̀ sì lè wú. Irin tún nílò ife rọ́bà kékeré tó máa gbé e gba inú ọ̀pá jáde, ife yẹn náà á wá bọ́ sórí koríko, àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ ò sì fẹ́ rí rọ́bà láàárín àgùntàn rẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe èyí tó ń jẹrà báyìí.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ní irin ò lè fọ́ àwo. Mo yá ìbọn tuntun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo fi òjé yin àwo 25, mo fi irin yin 25. Òjé fọ́ 19, irin fọ́ 18. Èyí tó fi dín yẹn, èmi ni mo tàsé, kì í ṣe irin. Lóòótọ́, àwo tó bá jìnnà gan-an, òjé ṣì ń sọ ọ́ di eruku, irin a kàn já a sí méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ iye tí o fọ́ sílẹ̀ ò bìkítà, àwo tó já sí méjì ti fọ́ náà nìyẹn.

Ìṣirò kan wà tí ẹnikẹ́ni ò máa ń ṣe ní ilé pákó yẹn. Gíráàmù 28 ọta ló wà nínú kátíríìjì kan. Ẹni tó bá yin 100 láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ti da òjé kílò 2.8 sórí pápá. Tí a bá jẹ́ mẹ́wàá, kílò 28. Tí a bá ṣe é ní ọjọ́ Àìkú ogójì lọ́dún, ó ti lé díẹ̀ ní ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì 22, lórí pápá kékeré kan ṣoṣo, láàárín ọdún kan ṣoṣo. Òjé kì í jẹrà. Ẹyẹ máa ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jẹ kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti la iwe adìyẹ rí. Tó bá ṣa ọta òjé mọ́ ọn, iwe á máa lọ òjé náà, òjé á wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹyẹ á rù, á kú. Torí ẹ̀ ni England fi fòfin dè é fún pípa pẹ́pẹ́yẹ igbó láti 1999. Denmark ò tilẹ̀ fẹ́ rí i mọ́ rárá láti 1996. Ní oṣù Kejì 2020, ẹgbẹ́ ọdẹ àti ayìnbọn mẹ́sàn-án ní Britain sọ pé àwọn fẹ́ kí àwọn ọdẹ fi òjé sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún márùn-ún. Wọn ò fi í sílẹ̀. Ní oṣù Keje 2025, ìjọba kéde pé òfin ló máa parí ẹ̀ ní England, Scotland àti Wales, pé wọ́n á fún wa ní ọdún mẹ́ta láti fi múra. Òjé ti bọ́ sí olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Irin la sì ń padà sí, nǹkan Ògún, tó ni ìbọn tẹ́lẹ̀.

Èmi ti mọ òjé kí n tó mọ A B D. Ọdẹ ni Bàámi. Nígbà tí kátíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, wọn kì í ju èèpo èyí tí wọ́n bá ti yìn nù. Wọ́n á ra ẹ̀tù, wọ́n á ra bátìrì mọ́tò tó ti kú lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe bátìrì, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yọ òjé inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ti ń yọ́ ọ, nínú ìkòkò irin àtijọ́, lórí ààrò tí ìyá mi máa se ọbẹ̀ lé nírọ̀lẹ́. Òjé kì í da ènìyàn láàmú lórí iná. Tí iná bá ti mú un dé 327 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, á yọ́ bí òrí. Irin ò ní yọ́ lórí ààrò títí ayé. Bàámi á wá bu òjé yíyọ́ sínú agolo mílíìkì tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí nídìí, á máa kán tó, tó, tó sínú korobá omi, a ó máa gbọ́ ọ tó ń ṣe ṣìì. Ọta wẹ́wẹ́ ló ń dì nísàlẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó kà á pé ará Bristol kan, William Watts, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú ọgbọ́n yìí gan-an ní 1782: òjé yíyọ́, ajọ̀ níbi gíga, omi nísàlẹ̀. Bàámi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Àwa ọmọdé la máa ń ṣa ọta náà. Àbúrò mi ọkùnrin ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Á jókòó ti korobá, á máa kó ọta sẹ́nu, á máa tu ú jáde sí wa lára, a ó máa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á gbá a lọ́wọ́. Èéfín ń kọjá lórí gbogbo wa.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ní ilé ìwé, kò kọjá kíláàsì kẹrin. Tíṣà pè é ní olódo, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, Bàámi gbé e lọ síbi mẹ́ta tí mo mọ̀. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, ó wà nílé pẹ̀lú Bàámi, ó ń bá wọn roko, ara rẹ̀ le, ó sì lójú àánú ju gbogbo àwa yòókù lọ. Tí o bá fún un lówó pé kó lọ ra nǹkan, ìwọ lo máa ka ṣéńjì.

N ò lè sọ pé òjé ni. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà náà, ó sì lè jẹ́ ohun tó ti wà láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2010, nígbà tí ìròyìn Zamfara jáde, tí òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọmọdé tó lé ní 400, mo ka ohun tí òjé ń ṣe sí ọpọlọ ọmọ kékeré. Àjọ ìlera àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n kankan nínú rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Mo pa ìwé ìròyìn náà dé. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ra ìbọn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí ìwé ara ilẹ̀kùn yẹn, mo pe Bàámi.

“Bàámi, agolo tí ẹ fi ń ṣe ọta ńkọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Agolo wo? Ó ti dípẹtà tipẹ́. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Wọ́n fẹ́ fòfin de ọta òjé níbí, sà.”

“Kí ló ṣe?”

“Wọ́n ní ó ń pa ẹyẹ.”

“Ṣebí kó lè pa ẹyẹ la ṣe ń yìn ín?”

Mo la ẹnu láti sọ ìyókù. Mo ti ní in létè. Mo wá gbọ́ ohùn àbúrò mi lẹ́yìn, ó ń béèrè bóyá èmi ni. Bàámi gbé fóònù fún un. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti jẹun?” Mo ní mo ti jẹun. Ó ní òun náà ti jẹun.

Ẹni ọdún 84 ni Bàámi. N ò tíì sọ fún wọn, n ò sì rò pé mo máa sọ ọ́.

Mo gbé ìbọn Birmingham lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ìbọn ṣe. Ó wọn ọ̀pá rẹ̀ nínú, ó wọn ẹnu rẹ̀, ó ní ihò tí kátíríìjì ń wọ̀ kúrú ju èyí tí ọ̀pọ̀ kátíríìjì irin òde òní ń fẹ́ lọ, ọ̀pá rẹ̀ sì ti tín-ín-rín jù. Tó bá jẹ́ tòun, òun ò ní fi irin sí i láé. Ó ní bismuth wà, ó rọ̀ bí òjé, kì í ba ìbọn jẹ́, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á, ẹni tó ń pa ẹyẹ mẹ́ta lọ́jọ́ ló wà fún, kì í ṣe ẹni tó ń yin àwo 100. Ó ti ìbọn náà padà sí mi jẹ́jẹ́.

Kátíríìjì òjé 400 ló kù sí mi lọ́wọ́ nígbà náà, kílò 11.2. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ká jọ yìn ín tán kí ọdún tó parí, bí ìgbà tí à ń ṣe ìdágbére. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó gbogbo rẹ̀ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní òun ò lè dá owó padà. Ó tún béèrè bóyá ó dá mi lójú, torí òfin ò tíì dé. Mo ní kó ṣáà gbà wọ́n.