Aṣọ Tó Bá Ọmọlangidi Mu

Àwọn tó mọ̀ mí ní aránṣọ máa ń béèrè ohun tí mo ń wá nídìí ọmọlangidi ní ọjọ́ ogbó mi. Mi ò bá wọn jiyàn. Nínú gbogbo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí mo ti ṣe, èyí ló le jù lọ: bùbá tí gígùn rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Barbie, tí Ruth Handler àti ilé iṣẹ́ Mattel gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1959, kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29 lọ, ìdá kan nínú mẹ́fà ènìyàn. Ara rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n aṣọ kì í bá a kéré. Òdòdó ankara tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ lára ìyá ìyàwó lè bo ọmọlangidi láti àyà dé orúnkún.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pẹ́ lórí aṣọ yíyàn. Ankara ọlọ́nà kéékèèké ni mo ń wá. Aṣọ òkè, bó ti wù kó dára tó, kì í ká fún gèlè rẹ̀. Ńṣe ló máa dúró gbagidi. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú ń fẹ́ ìṣọ́ra, torí aró rẹ̀ a máa ràn mọ́ ara rọ́bà, àbàwọ́n náà kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Mo máa ń fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́, n ó tún fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tẹ́ inú rẹ̀.

Inú aṣọ yẹn gan-an ló ká mi lára jù. Bí ènìyàn bá wọ aṣọ tán, ta ni yóò yí inú rẹ̀ wò? Ti ọmọlangidi kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wọ̀ ọ́ fún un, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á tún wọ òmíràn fún un, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì bọ́ ọ ni wọ́n ń rí inú rẹ̀. Ibi tí aránṣọ ti máa ń fi àléébù pamọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ́ jù lọ. Etí aṣọ tí à ń fi sílẹ̀ fún ojú rírán kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, abẹ́ apá á wú. Bó bá sì kéré báyẹn, òwú á máa yọ. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ ni mo ń fi igi tí a fi ń tayín tọ́ sí etí rẹ̀, n ó jẹ́ kó gbẹ kí n tó fi ọwọ́ rán an. Ẹ̀yìn ni mo máa ń la bùbá sí, torí orí rẹ̀ kò lè gba ọrùn aṣọ kọjá. Àwọn ìka tó là sọ́tọ̀ a sì máa kọ́ aṣọ. Mo ń fi náílọ̀nù wé ọwọ́ náà kó tó wọ inú apá aṣọ.

Kí ló dé tí mo fi ń ṣe wàhálà tó báyìí? Ọmọ tó ń wo ọmọlangidi ń wo ẹni tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí wọ́n wọ aṣọ rere fún. Ó di 1980 kí Mattel tó fi orúkọ Barbie gan-an pe ọmọlangidi aláwọ̀ dúdú, èyí tí Kitty Black Perkins, obìnrin adúláwọ̀, ṣètò aṣọ pupa àti irun àfírò rẹ̀. Ní Èkó, Taofick Okoya bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọlangidi Queens of Africa ní 2007: Nneka fún Ìgbò, Azeezah fún Haúsá, Wúràọlá fún àwa Yorùbá. Ní Ìlọrin, Haneefah Adam bẹ̀rẹ̀ sí í rán híjáàbù fún Barbie ní ìparí 2015, ó sọ ọ́ ní Hijarbie, ó sì ń gbé àwòrán rẹ̀ sórí Instagram. Tirẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù, torí kò dúró de ilé iṣẹ́ kankan. Ó mú èyí tó wà lọ́jà, ó rán ohun tó fẹ́ rí sí i lọ́rùn. Ní 2017 ni Mattel tó kéde Barbie oníhíjáàbù tiwọn.

Kí rọ́bà tó dé ni àwọn ìyá wa ti mọ̀ pé ohun tí a gbẹ́ bí ènìyàn yẹ ní ohun ọ̀ṣọ́ rere. Ère ìbejì kì í ṣe ohun ìṣeré, mi ò fi wọ́n wéra. Síbẹ̀, ìyá tó ń fi osùn kùn ún, tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, kò jẹ́ sọ pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ igi, ohunkóhun ni kó wọ̀.

Ká padà sídìí iṣẹ́: irun ló ń gba sùúrù jù. Àwọn ọmọlangidi Super Dollfie tí ilé iṣẹ́ Volks ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1999, orí wọn pá, kí wọ́n lè máa pààrọ̀ wíìgì fún wọn. N ó fi náílọ̀nù we orí náà kí gọ́ọ̀mù má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, n ó fa ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ọmọlangidi mu bò ó, n ó fi gọ́ọ̀mù funfun kùn ún, kó gbẹ, kí n tún kùn ún. Yóò di fìlà kékeré tó bá orí yẹn mu. Láti ìpàkọ́ ni à ń to irun lọ sókè, kí ti òkè lè bo ìdí ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni yóò hàn. Irun àtáṣímẹ́ǹtì tí mo bá fẹ́ kó lọ́, n ó wé e mọ́ igi bíróò, n ó rì í bọ omi gbígbóná, bí àwọn onídìrí wa ti ń ṣe fún oníbàárà. Ní ti ṣùkú, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Òwú dúdú ni mo ń dì ní ẹyọ-ẹyọ, tí mo sì ń fi abẹ́rẹ́ kàn mọ́ fìlà láti iwájú dé àtàrí, kí awọ orí hàn láàárín ìlà.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Àwọn tó ń kó ọmọlangidi jọ mọ iyì iṣẹ́. Àwọn tó rò pé aṣọ kékeré, owó kékeré, ni wọ́n ń da aránṣọ láàmú. Bùbá ọmọlangidi ní ọrùn, ó ní apá méjì, ó ní etí ìsàlẹ̀. Aṣọ ló dín, iṣẹ́ ò dín. Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, àkókò tó gbà yín ni kí ẹ fi dá iye lé e. Bí oníbàárà bá ní ó ti pọ̀ jù, ẹ bọ́ aṣọ náà lára ọmọlangidi, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fún un kó wò ó.