Ọṣẹ Olómi Wọ Ilé Wa

Àwọn ọmọ wa ló ní àwọn ò fẹ́ ọṣẹ dúdú mọ́. "Mọ́mì, ara àwọn ọ̀rẹ́ wa ń ta sánsán bí òdòdó." La bá lọ sí Powis Street, a ra ọṣẹ olómi inú ike, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kì í jẹ́ kí ara gbẹ.

Ká sọ tòótọ́, ó dáa. Omi London ní ẹfun nínú, ìyẹn ni ọṣẹ wa kì í fi í hó tó, tó sì ń fi ìdọ̀tí funfun sílẹ̀ lára báàfù. Èyí hó dáadáa, báàfù sì mọ́. (Ìyá àgbà tó wá kí wa láti Ìbàdàn gan-an ń yọ́ ọ lò!)

Ẹ̀gbọ́n lò ó, kò sí wàhálà. Àbúrò, tí ara ti máa ń yún tẹ́lẹ̀, ni kò sùn lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Ó họra títí ẹ̀yìn orúnkún ẹ̀ fi bó. Nọ́ọ̀sì ní lọ́fíndà inú ọṣẹ lè má bá irú ara bẹ́ẹ̀ mu. A ní, ọṣẹ dúdú wa ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà le jù fún un. Kírímù tí kò lóòórùn ló ní ká máa fi wẹ̀ ẹ́, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó má sì pẹ́ nínú omi.

Ẹ̀gbọ́n ń lo ike tiẹ̀ lọ, a sì ń fi òrí pa á kí ara tó gbẹ tán. Àbúrò kọ́kọ́ sunkún pé tòun ò ta sánsán, ṣùgbọ́n ó ti ń sùn mọ́jú báyìí.