Ọjọ́ Tí Mo Mọ̀ Pé Omi Odò Lè Kan

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí kò yé mi dáadáa títí a fi rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní abúlé kan ní agbègbè Wárì, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi òkun. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan mú ìkarahun ìṣáwùrú wá sí kíláàsì. Ó ti funfun, ó fẹ́lẹ́ bí ewé, ó sì ti lu. Ọmọ náà béèrè ohun tí ó jẹ ẹ́. Kíá ni mo dáhùn pé epo rọ̀bì ni.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá rẹ̀ àgbà, ọmọ Ìlàjẹ tí ó ti ń kó ìṣáwùrú àti akàn tà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Tíṣà, ọmọ mi, kì í ṣe epo. Wo òkìtì ẹrẹ̀ yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò kí ọkọ̀ ńlá lè kọjá ni omi ibí ti kan. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹja a máa kú léfòó."

Mo bu omi ní ẹsẹ̀ òkìtì náà, mo ki bébà lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ aró bọ̀ ọ́. Ó di pupa lójú ẹsẹ̀. Ojú tì mí.

Mo lọ yẹ ìwé wò. Irin àti imí-ọjọ́ wà nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí omi bá bò ó, kò léwu. Bí a bá kó o síta tí afẹ́fẹ́ kàn án, ásíìdì ni yóò dà, òjò yóò sì gbá a sínú odò. Lórí òṣùwọ̀n pH, 7 ni ti omi tí kò kan rárá; ti omi òkun jẹ́ nǹkan bí 8; ti omi irú òkìtì bẹ́ẹ̀ lè relẹ̀ ju 4 lọ. Bí a bá sì fi 1 sọ̀ kalẹ̀, kíkan omi ti di ìlọ́po 10. Ásíìdì yìí ń jẹ ìkarahun, ó sì ń yọ alumíníọ̀mù láti inú amọ̀, èyí tí ń ba ibi tí ẹja fi ń mí jẹ́.

Mo padà sọ fún àwọn ọmọ náà pé èmi ni mo ṣìnà. Mo bẹ ìyá náà wá sí kíláàsì, òun ni ó sì kọ́ wa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òkìtì náà ṣì wà níbẹ̀, agbọ̀n ìyá náà kò sì kún mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, kí á tó dáhùn ìbéèrè ọmọ nípa odò, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dé etí odò.