Pákó Tí Yóò Kojú Òjò: Ẹ Jẹ́ Kí Á Lọ sí Bódìjà

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ẹ bá ti ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn bọ̀, tí ẹ dorí kọ Sẹkitéríà, ẹ kò ní í pẹ́ dé ọjà Bódìjà. Ọ̀pọ̀ wa mọ ọjà náà sí ibi tí a ti ń ra ata, ẹ̀wà àti ẹran. Ìsọ̀ àwọn onípákó tí ó wà níbẹ̀ ni a kì í sábà yà sí. Ọkọ tàbí káfíńtà ni a ń rán. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé, iṣẹ́ ìyá ilé ni ó ń bá a ṣe: òun ni kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ wa, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn já sí títì.

Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má ṣe fi iye owó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé pákó wò, kí ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀. Arère funfun, ó sì fúyẹ́; afárá náà kò dúdú. Inú ilé ni wọ́n wúlò sí. Bí a bá rì wọ́n mọ́lẹ̀, ikán àti ọ̀rinrin yóò tètè pa wọ́n run. Títóbi igi kọ́ ni agbára rẹ̀: àràbà tóbi púpọ̀, síbẹ̀ pákó rẹ̀ kì í pẹ́ jẹrà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìrókò, apá àti tíìkì ni ẹ óò béèrè. Ìrókò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là a máa pọ́n bí oyin, yóò sì máa dúdú sí i. Tíìkì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Láti Éṣíà ni ó ti wá, wọ́n sì gbìn ín sí igbó Olókèméjì, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ní ọdún 1902.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Ìrókò pàápàá ní apá funfun kan lábẹ́ èèpo rẹ̀, ikán a sì máa jẹ ẹ́. Tíìkì tí kò tíì gbó, funfun yìí ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹ yẹ orí pákó wò, kí ẹ sì sọ pé: “Bàbá, inú igi tí ó dúdú ni mo fẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún mi ní onífunfun.”

Igi líle wọ́n. Bí owó kò bá tó, ẹ fi í ṣe òpó, kí ẹ fi èyí tí ó rọjú ṣe pákó ìdábùú. Pákó ṣe é pààrọ̀ láìhú òpó. Ṣùgbọ́n bí òpó bá jẹrà nísàlẹ̀, gbogbo ọgbà ni yóò wó, bóyá lé ọmọ tí ó fara tì í lórí. Ibi tí òpó ti wọ ilẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ jẹrà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gbé e ka ẹsẹ̀ irin tí a rì sínú kọnkéré, kí ó gé orí rẹ̀ dagun kí omi lè máa ṣàn kúrò, kí ó sì gbé pákó sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó da ọ́ìlì mọ́tò tí a ti lò sí ìdí òpó. Ẹ̀fọ́ tí a óò jẹ wà nítòsí. Bí ó bá ń rẹ́ ìrókò, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, nítorí eruku rẹ̀ a máa yún ara, a sì máa dí èémí.

Nígbà tí ẹ bá tún ń lọ ra ata ní Bódìjà, ẹ yà kí àwọn onípákó.