Mẹ́wàá Wo?

Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ ìjókòó alùpùpù mi tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ ọ́, ó fi ọ̀rá wé e kí omi má baà bà á jẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ kí n lè máa rí i nígbàkúùgbà tí àtúnṣe bá dé. Nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀: 6, níwájú rẹ̀ 10; 8, níwájú rẹ̀ 22; 10, níwájú rẹ̀ 34; 12, níwájú rẹ̀ 54. Inú ìwé àtúnṣe Honda ló ti dà wọ́n kọ, kò sì ṣì wọ́n kọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bí ara bóòtì ṣe nípọn tó ní mìlímítà. Ìkejì ni bó ṣe yẹ kí a dè é le tó, èyí tí wọ́n ń fi newton-mítà (N·m) wọ̀n.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mẹkáníìkì mi ṣí ìjókòó náà láti yọ bátìrì, ó ka ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gbé ìka lé ìlà kẹta. “Àǹtí, ta ló kọ eléyìí fún yín? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni de nọ́ọ̀tì 10 tó 34 o. Á já.” Mo ní ìwé àwọn tó ṣe alùpùpù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó mi orí. Ó ní sípánà olónọ́ńbà kan, irú èyí tó máa ń dún kọ́ tó bá ti dé ìwọ̀n tí a fi í sí. Orí ẹ́ńjìnnì nìkan ló máa ń fi í dè, ṣùgbọ́n ó mọ bí 34 ṣe ń rí lọ́wọ́. “Ọwọ́ mi ò gbà á,” ló wí, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí sùn, mo gbé e jí. Ìwé ò purọ́, ọ̀gá náà ò sì purọ́. Ibi tí ìjà wà ni pé ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń fi bí ara bóòtì ṣe nípọn tó pè é. Sípánà tó bá wọ orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. “Gbé 10 wá, gbé 14 wá,” bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Bóòtì tí sípánà 10 wọ̀ lórí, 6 mm ni ara rẹ̀, ìwé sì ní 10 N·m ni kí a dè é mọ. Bóòtì tí ara rẹ̀ jẹ́ 10 mm gan-an, sípánà 14 ló máa ń gbà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ilẹ̀ Japan. Òun ló ni 34. Kódà 8 náà ní wàhálà tirẹ̀, nítorí àwọn bóòtì kéékèèké kan wà lára Honda tí orí wọn gba sípánà 8, tó sì jẹ́ pé 6 mm ni ara wọn.

Ẹni tó bá fi etí ṣọ́ọ̀bù ka ìwé àbúrò mi, ó ju ìlọ́po mẹ́ta agbára tó yẹ lọ ni yóò gbé lé bóòtì kékeré tó di ìdérí ẹ́ńjìnnì mú. Mo ti rí bí ìyẹn ṣe ń parí. Bóòtì á kọ́kọ́ le sí i, á tún le sí i, lẹ́yìn náà á wá rọ̀ lójijì lábẹ́ ọwọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti ń wọlé dáadáa. Bóòtì ti ń já nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé ó ti ń fa tírẹ́ẹ̀dì inú ihò náà jáde, torí pé irin ni bóòtì, alumíníọ̀mù tó rọ̀ jù ú lọ sì ni ara ẹ́ńjìnnì.

Irú àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ níbi tó tóbi ju ṣọ́ọ̀bù lọ: lọ́dún 1999, NASA pàdánù ọkọ̀ òfuurufú Mars Climate Orbiter nítorí pé kọ̀ǹpútà apá kan ń fi ìwọ̀n pọ́n-ùn ṣírò, tí apá kejì sì gbà pé newton ni. Àwọn nọ́ńbà náà dé ibi tí wọ́n ń lọ; orúkọ wọn ni kò bá wọn dé.

Ohun tí mo fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀ ni pé ìwé sàn ju ọwọ́ lọ, nítorí ọwọ́ ẹni tó ti rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ti àárọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń wá. Tí a bá de bóòtì, ó máa ń nà díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, bó sì ṣe ń fẹ́ padà sí gígùn rẹ̀ ló fi ń di nǹkan méjèèjì pọ̀. Ìnà yẹn ni a fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí a fi ń yí sípánà, bí irin ṣe ń ha ara wọn ló ń jẹ ẹ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń dé ibi ìnà. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì tó bá kan tírẹ́ẹ̀dì tó yẹ kó gbẹ fi lè sọ nọ́ńbà tó tọ́ di àpọ̀jù. Sípánà á dún kọ́ lójú ibi tó yẹ, bóòtì á sì ti nà kọjá ààlà.

Ibi tí mo bá èrò yìí dé rèé tí bàámi fi wọlé sí mi lọ́kàn. Télọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, wọn kì í sì í gé ọ̀rọ̀ kúrú níbẹ̀: àyà, ìbàdí, apá, gígùn ṣòkòtò, wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà. Mo rántí ọ̀sán kan tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara lèésì olówó ńlá, tí síṣọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù, tí kò tíì gbójú sókè wo bàámi rí, dìde pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Kò ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣì í.” Ta ni yóò sọ ìyẹn? Ó ní, “Ọ̀gá, ìwé ní àyà 42.” Ogójì ni bàámi sàmì sí. Wọ́n gbé síṣọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n ní kó kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì nu ṣọ́ọ̀kì kúrò.

Ọmọ yẹn ni mo wá ń rò báyìí. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi lè sọ pé ọwọ́ òun ò gbà á, nítorí ọ̀gá ni. Bó bá jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló dá wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, 34 yẹn ni ìbá tẹ̀ lé, bóòtì ìbá sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ni wọn ìbá sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ọ̀gá kò nílò ìwé náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni ìwé náà wà fún, kí ó lè rí ohun tí yóò fi bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ àfojúdi. Ìwé tí a kò kọ ní èdè tí òun fi ń ṣiṣẹ́ ti dà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní alùpùpù, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ nọ́ńbà lásán. Ẹ kọ sípánà ṣáájú: sípánà 10, bóòtì 6 mm, 10 N·m, kó gbẹ, kó má ní ọ́ìlì. Ẹ kọ irú alùpùpù tó wà fún. Kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ojú ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù lè tó, kí ọ̀gá rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé ó lè kà á sókè nígbàkúùgbà.