Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá Nínú Yàrá Sáyẹ́ǹsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ òwe yìí sórí, wọ́n sì máa ń fi í kádìí àròkọ wọn lórí ìdájọ́ òdodo. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé òwe yìí kan náà ni òpó tí iṣẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì dúró lé. Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà nínú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì tí ó fi èyí hàn kedere, ìyẹn ìwádìí lórí ohun tí ń dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ẹ́ńsáìmù jẹ́ èròjà inú ara ohun abẹ̀mí, prótéènì sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí àyípadà èròjà yá kánkán, láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn tán nídìí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1894, Emil Fischer, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, sọ pé ẹ́ńsáìmù àti ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí gbọ́dọ̀ bára mu bí àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́. Àfiwé yìí rọrùn fún wa láti lò. Kọ́kọ́rọ́ ilé onílé lè wọ ihò àgádágodo kí ó má lè yí. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá sì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gidi kò ráyè wọlé. Adènà oríṣi kìíní nìyẹn, èyí tí ń du àyè. Oríṣi kejì kì í dé ojú ihò rárá. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń kọlu àgádágodo títí tí yóò fi tẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ gidi kò fi ní lè ṣí i mọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ gidi bá pọ̀ sí i, wọn yóò borí adènà kìíní, ṣùgbọ́n pípọ̀ wọn kò ran àgádágodo tí ó ti tẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀dọ̀ màlúù tútù tí à ń pè ní kátáléèsì. Ó máa ń fọ́ haidirójìn pẹ́rọ́ksáìdì, omi tí wọ́n ń tà nílé oògùn fún fífọ ojú egbò, sí omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Bí ẹ̀dọ̀ àti omi yìí bá ti pàdé, ìhó funfun bíi ti ọṣẹ a ru sókè. Adènà tí a lè lò ni kọ́pà sọ́féètì, èyí tí omi rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Kọ́pà inú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ prótéènì, a sì bà á jẹ́. Májèlé ni, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu.

Túùbù mẹ́ta ni a nílò. Nínú èkíní, a ó fi gíráàmù 1 ẹ̀dọ̀ tí a ti gún àti mìlílítà 2 omi lásán sí. Nínú èkejì, ẹ̀dọ̀ ìwọ̀n kan náà àti mìlílítà 2 omi kọ́pà sọ́féètì. Nínú ẹ̀kẹta, omi kọ́pà sọ́féètì nìkan, láìsí ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó da mìlílítà 5 pẹ́rọ́ksáìdì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ó sì fi rúlà wọn gíga ìhó.

Kí ni omi lásán ń wá nínú túùbù kìíní? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a kò bá fi omi sí i, omi búlúù tí ó wà nínú èkejì yóò ti la pẹ́rọ́ksáìdì ibẹ̀, ti èkíní yóò sì le jù ú lọ. Bí ìhó èkejì bá wá kéré, a ó di ẹ̀bi ru adènà, nígbà tí ó jẹ́ pé omi jẹ nínú ẹ̀bi náà. Túùbù kẹta náà ní ẹ̀rí tirẹ̀ láti jẹ́, nítorí kọ́pà fúnra rẹ̀ lè fọ́ pẹ́rọ́ksáìdì díẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ tẹnu túùbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó dá.

Ní kíláàsì SS 2 kan, ìhó túùbù kejì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ga tó ti èkíní. Wọ́n bojú wo ìwé àwọn ẹgbẹ́ wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ti mú ìrésà dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, tiwa kò rí bíi ti inú ìwé. Ṣé kí a pa á rẹ́?"

"Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́," ni olùkọ́ wọn dáhùn. "Ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Bí a ṣe da omi búlúù sí i ni a da pẹ́rọ́ksáìdì tẹ̀ lé e, mà."

"Ẹ kò dúró rárá láàárín méjèèjì?"

"Rárá, mà."

"Ẹ tún un ṣe. Ẹ fún adènà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó da pẹ́rọ́ksáìdì sí i."

Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ìhó náà kò fi bẹ́ẹ̀ ru. Wọ́n kọ ìdánwò méjèèjì sílẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí ìwé wọn kò sọ kún un, pé adènà yìí ń fẹ́ àkókò kí ó tó lè mú ẹ́ńsáìmù so. Bí wọ́n bá ti lo ìrésà náà, wọn ìbá gba máàkì, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí ìbá ti fò wọ́n dá.

Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń há iye inú ìwé sórí, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ojú rẹ̀ ni ó fi rí i, kò kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀rí èké ni ó kọ́, ẹ̀rí èké kì í sì í mọ sí yàrá báyọ́lọ́jì.

Ọ̀rọ̀ adènà kò sì jìnnà sí ilé. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, sáyánáìdì a jáde nínú rẹ̀. Adènà ni, ó ń dí ẹ́ńsáìmù tí ara fi ń lo ọ́síjìn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí rírin ẹ̀gẹ́, dídì í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan gàárì fi ṣe pàtàkì: wọ́n ń lé májèlé náà lọ. Síbẹ̀, adènà ni oògùn ásípírínì náà. Ní ọdún 1971, John Vane ṣàlàyé pé ẹ́ńsáìmù tí ń ṣe èròjà ìrora ni ó ń dá dúró, iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí ó mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1982. Adènà kan ń pani, òmíràn ń woni sàn. Orúkọ nìkan kò tó láti fi dá wọn lẹ́jọ́.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ báyọ́lọ́jì jọ pín òwe yìí lò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìparí iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n bi í léèrè bóyá ó ti gbọ́ tẹnu ẹnìkejì.